Kúẹ́rì Kẹta

Ẹ jẹ́ n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi kí ìyẹ̀fun tó gbẹ lọ́wọ́ mi.
Èmi ni mo kọ kúẹ́rì mẹ́ta fún Mọ̀dínátù,
ọmọ Ìdọ̀fìàn tó ń wọn ìyẹ̀fun pípò
ní ilé búrẹ́dì tó kọjú sí oríta Àjàṣẹ́-Ìpo,
níbi tí ọkọ̀ Ọ̀fà ti ń yà, tí ti Òmù-Àrán ń bá tirẹ̀ lọ.

Kúẹ́rì kìíní: búrẹ́dì rẹ fúyẹ́.
Kúẹ́rì kejì: búrẹ́dì rẹ ṣì fúyẹ́.
Oníbàárà kan láti Orò gbé méjìlá padà,
ó tò wọ́n sórí tábìlì mi bí òkú eku,
ó ní, "Ẹ gbé e wò. Ṣé búrẹ́dì nìyí àbí òwú?"

Mo ní àìmọ̀ọ́ṣe ni.
Mánéjà ní àìmọ̀ọ́ṣe kọ́, àìfẹ́ẹ́ṣe ni.
A jọ fà á títí ilẹ̀ fi ṣú,
kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀nà kẹta lè wà.

La bá rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin.
Ọjọ́ méjì gbáko, nínú gbọ̀ngàn kan ní Tánkẹ̀,
ọkùnrin onítáì pupa ń ya àkàsọ̀ sára pátákó:
ìgbésẹ̀ kìíní, fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ; ìgbésẹ̀ kejì, fẹ́ràn ọ̀gá rẹ.
Mọ̀dínátù kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀.
Ó gba sátífíkéètì bọ̀, a gbé e kọ́ sára ògiri.
Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, búrẹ́dì ṣì fúyẹ́.

Mo kọ ẹ̀kẹta. Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ "ìkẹyìn."

Lóru tí mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́, ara ọmọ rẹ̀ gbóná, kò lè wá.
Kò sẹ́ni tí yóò wọ̀n. Mo ká apá aṣọ,
mo jókòó sórí àpótí Mọ̀dínátù.
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn kọjá,
n kò jókòó lé e rí.

Mo bu ìyẹ̀fun lé òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ fò.
Mo bù díẹ̀ kúrò. Abẹ́rẹ́ fò padà.
Ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun ń dún gbì-gbì-gbì lẹ́yìn ògiri,
ilẹ̀ ń gbọ̀n, tábìlì ń gbọ̀n,
ẹsẹ̀ tábìlì kan kò kanlẹ̀,
abẹ́rẹ́ ń sáré láàárín irinwó àti ọ̀tàlénírinwó:
ẹni tó bá lójú idì kó wá sọ èyí tó jóòótọ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wọn ọ̀ọ́dúnrún.
Ẹ má bi mí léèrè iye tó fúyẹ́.

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò.
Mo ṣí fáìlì. Ìdáhùn rẹ̀ sí kúẹ́rì kìíní wà níbẹ̀,
mo ti lu òǹtẹ̀ "A ti gbà á" lé e lórí, n kò kà á.
Ìlà kan péré, lẹ́tà gbọọrọ bí ẹsẹ̀ lékeléke:
"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tábìlì ń mì tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ."
Ìdáhùn sí kejì: "Bí ti àkọ́kọ́, sà."

Bí ti àkọ́kọ́.

Mo ká kúẹ́rì kẹta sí méjì, mo ká a sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ,
mo kúnlẹ̀ nínú fúláwà, mo tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.
Abẹ́rẹ́ ṣì ń mí díẹ̀, bí ọmọ tó sùn,
ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó wà.

Ó wọlé láàárọ̀, ó ní ara ọmọ ti tutù.
Ó wọn ẹyọ kan, ó wọn èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì,
ó rí orúkọ ara rẹ̀ tó yọjú létí bébà.
Ó pẹ́ kó tó nàró.
"Sà, fúláwà kún orúnkún yín."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mánéjà ti ya owó ẹ̀kọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún oṣù tó ń bọ̀,
ó ní kí n kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ sí Ìlọrin.
Mo kọ tèmi. Mo kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e.
N kò tíì fi hàn án.